Ẹnu Ta Ni Eyín Amùjẹ̀ Wà?

Iṣẹ́ tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, tí ó sì ń ṣe é títí tí ewú fi gba orí náà kan, kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu yẹpẹrẹ sọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí pé kí ẹ má ṣe kà á sí eré ọmọdé, bí ẹ bá gbọ́ pé iṣẹ́ tí mo ń wí ni ti jíjókòó ní ìparí ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí eruku sì bo ewé igi, láti ṣèdájọ́ àwọn ìtàn kéékèèké tí àwọn ọ̀dọ́ Kambolé, ti Tchamba àti ti Sokodé kọ nípa àwọn ẹ̀dá tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ìtàn kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 100 lọ. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ìbáà ṣe Kérésìmesì, ìbáà ṣe Iléyá, ìbáà ṣe ọdún ìbílẹ̀ èyíkéyìí. Ẹ̀bùn rẹ̀ kò ju ìwé àjákọ àti gègé lọ, nítorí pé a kò gbé ìdíje náà kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè tipa rẹ̀ di olówó. Ìfẹ́ ni ó bí i, ẹ̀rín ni a sì fi ń tọ́ ọ dàgbà. Síbẹ̀, nínú gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ti pè mí sí láti ọdún pípẹ́ wá, ti ilẹ̀ àti ti ìgbéyàwó, n kò mọ èyí tí ó wúwo lọ́kàn mi tó wọ̀nyí, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń já sí lójú mi: ẹnu ta ni akọ̀wé yìí fi eyín amùjẹ̀ sí?

Kí ẹni tí kò mọ agbègbè wa lè bá mi lọ, Sokodé ni olú-ìlú ẹkùn Àárín ní ilẹ̀ Togo, ìlú àwọn Tem tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Kotokoli. Bí a bá kọjú sí ìlà-oòrùn láti ibẹ̀ a ó dé Tchamba, bí a bá sì tún tẹ̀ síwájú síhà ààlà Benin a ó bá Kambolé, níbi tí Yorùbá ti ń jáde lẹ́nu ọmọ tí ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ àti lẹ́nu arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn tiwa ní adùn tirẹ̀, tí ará Ìbàdàn yóò ní láti dẹ etí sí i dáadáa kí ó tó yé e. Èdè Faransé ni ilé-ìwé fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí ìjọba ṣe àtúntò ètò ẹ̀kọ́ ní 1975, Ewe àti Kabiyè ni a yàn láti wọ ilé-ìwé. Tiwa kò sí níbẹ̀, ti Tem pẹ̀lú kò sí níbẹ̀. Nítorí èyí, ọmọ tí ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní èdè kan ń jókòó ní kíláàsì láti kọ ọ́ ní òmíràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹnu gbogbo ní àyè nínú ìdíje wa, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Faransé kọ ọ́, kí ẹni tí ó fẹ́ kọ Tem tàbí Akaselem ti Tchamba kọ ọ́, kí ọmọ Kambolé sì kọ Yorùbá rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́, àmì ohùn ìbáà pé, ìbáà má pé.

Ní ìgbà èwe mi, kò sí ìdíje, kò sì sí adájọ́ tí ó jókòó sídìí tábìlì. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, tí òṣùpá sì yọ, ìyá àgbà kan yóò gbá aṣọ mọ́ itan, yóò ké pé "Àlọ́ o!", gbogbo agbo yóò sì dá a lóhùn pé "Àlọ̀!" Láti ìgbà náà lọ, ohun yòówù tí ó bá wọ inú agbo, ìbáà jẹ́ iwin, ìbáà jẹ́ òkú tí kò gbà pé òun ti kú, ìbáà jẹ́ ẹyẹ òru tí ń fi àgógó fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, ọgbà ti yí i ká. Àwọn àgbà kì í gbà kí a pa àlọ́ lọ́sàn-án, ọgbọ́n ńlá ni mo sì ka èèwọ̀ náà sí, nítorí pé ohun tí ó jẹ́ ti òru kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ènìyàn lọ sí oko àti sí ọjà. Bí ẹ̀rù bá sì fẹ́ ju agbára àwa ọmọdé lọ, orin yóò wọlé, a ó máa gbè é, àyà tí ó ń já yóò sì rí ibi fi ara tì. Nígbà tí àlọ́ bá parí, apàlọ́ yóò fi agogo ẹnu búra, yóò lù ú kí ó ró létí gbogbo wa, kí a lè mọ̀ pé òun kò purọ́. Ègbè ni adájọ́ ìgbà náà. Bí apàlọ́ bá ba àlọ́ jẹ́, ègbè yóò rọ, àwọn ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún un ní máàkì.

Ìwé tí ọmọ fi gègé kọ kò ní ọgbà, kò ní ègbè, òru àti ọ̀sán sì jẹ́ ọ̀kan náà fún un. Ẹnikẹ́ni lè kà á níbikíbi, ó sì lè jẹ́ pé òun nìkan ni yóò wà nígbà tí ó bá ń kà á, láìsí ìyá àgbà tí yóò rí i lójú pé ẹ̀rù ti pọ̀ jù. Ìyípadà tí mo rí nìyẹn, tí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ wa wúlò: ohun tí agbo ń ṣe tẹ́lẹ̀, adájọ́ ni ó ní láti máa ṣe é báyìí.

Àwọn kan bi mí léèrè rí pé ṣé nǹkan àjèjì kọ́ ni kí a máa fi ẹ̀dá amùjẹ̀ díje nígbà ọdún. Ìtàn ayé fi hàn pé láti inú irú eré ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni amùjẹ̀ inú ìwé ti jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 1815, òkè Tambora ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Indonesia lónìí bú gbàmù, eruku rẹ̀ sì gòkè lọ bo ojú ọ̀run débi pé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, oòrùn kò mú ní ilẹ̀ Yúróòpù, òjò sì rọ̀ láì dá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1816 náà, àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan tí òjò há mọ́lé létí adágún Geneva ń ka ìtàn iwin fún ara wọn lẹ́bàá iná, ni akéwì Byron bá dábàá pé kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19, tí a mọ̀ lẹ́yìn náà sí Mary Shelley, bẹ̀rẹ̀ ìtàn Frankenstein tí ó jáde ní 1818. Polidori tí í ṣe dókítà Byron sì kọ The Vampyre, tí ó jáde ní 1819, tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀wù ọlọ́lá wọ amùjẹ̀, tí ó mú un kúrò ní itẹ́ òkú wá sí ibi àsè. Láti ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti dé ọwọ́ Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tí ó tẹ Dracula jáde ní 1897. Àwọn tí òjò àti eruku òkè tí ó bú há mọ́lé, àti àwa tí ọyẹ́ lé sídìí iná, ohun kan náà ni a jọ ń ṣe.

Amùjẹ̀ náà kò dúró sí Geneva. Ó gba inú fíìmù àti fídíò wá bá wa ní Sokodé, lónìí ó sì wà nínú fóònù tí ọmọdé ń fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé inú ìwé àwọn olùdíje wa, gbogbo ẹrù rẹ̀ ni ó gbé dé: àgbádá dúdú, ilé olókùúta, aáyù, yìnyín. Mo rántí ìtàn kan láti Tchamba nínú èyí tí ọlọ́lá kan jí láti inú pósí lálẹ́ Kérésìmesì, tí ó sì ń rìn nínú yìnyín lọ sí ilé ọmọge. Akọ̀wé náà kò tíì rí yìnyín rí bí kò ṣe inú ẹ̀rọ amóhun-tutù, èmi pẹ̀lú kò rí i rí, nítorí náà òtútù ìtàn náà kò mú ẹnikẹ́ni nínú wa. Òmíràn sọ amùjẹ̀ di àdán. Èyí yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé àdán tí ń mu ẹ̀jẹ̀ wà láyé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni ó wà, láti Mexico lọ sí ìsàlẹ̀. Àdán tiwa, tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ, èso igi àti kòkòrò ni ó ń jẹ, kò sì ní ohun kan í fi ẹ̀jẹ̀ wa ṣe. Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé kò sí ẹ̀bi nínú yíyá ẹ̀dá láti òkèèrè, níwọ̀n ìgbà tí akọ̀wé bá lè jẹ́ kí ó mí èémí ọyẹ́ wa, kí ètè rẹ̀ sì là bí tiwa ti ń là. Fágúnwà tí ó gbé ìwé Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938 kò yá Àgbákò, ẹ̀dá abàmì inú rẹ̀, láti òkèèrè, síbẹ̀ títí di òní bí a bá dárúkọ Àgbákò lóru, ọmọ yóò sún mọ́ ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn akọ̀wé wa gba ìmọ̀ràn yìí, tí wọ́n sì wálé, wàhálà tí ó ju ti yìnyín lọ dìde. Ìdí ni pé a kò ṣe aláìní amùjẹ̀ tiwa. Àwọn Ewe ní gúúsù ilẹ̀ yìí mọ adze, tí ń fò wọlé ní àwọ̀ kòkòrò tí ń tan iná lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Àwọn Akan ní Ghana mọ sasabonsam tí ń fi ẹsẹ̀ kọ́ sórí igi nínú igbó. Àwa sì mọ àwọn ẹlẹ́yẹ, Ìyàmi Òṣòròngà, tí a sọ pé wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ láìsí ojú ọgbẹ́ tí a lè fi hàn. Òkú inú pósí kò gbé àdúgbò wa, kò sì ní aládùúgbò. Àjẹ́ ní ilé, ó ní ojúlé, ó sì sábà máa ń jẹ́ arúgbó, obìnrin, opó, ẹni tí kò ní ọmọ tí yóò gbèjà rẹ̀.

Ọdún kan wà tí ọmọkùnrin kan mú ìtàn wá tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbà pé kò sí èyí tí a kọ dáadáa tó o nínú gbogbo ohun tí ó wà lórí tábìlì. Ọjọ́ Iléyá ni. Wọ́n pa àgbò, wọ́n ń pín ẹran kiri ojúlé, arúgbó kan tí ń dá gbé sì wá, ó kọ ẹran, ó ní kí wọ́n bu ẹ̀jẹ̀ fún òun. Wọ́n lé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọmọ ọwọ́ ilé náà funfun, ó rọ, arúgbó náà sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ pupa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó parí síbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè yọ kúrò níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ó yẹ kí a fi kún un. Ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọ̀mọ̀wé tí mo bọ̀wọ̀ fún, sọ pé kí a fún un ní ipò kìíní lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi, ọmọ yìí sì ti fún wa ní àbọ̀ tí ó péye.

Mo dá a lóhùn pé odindi tí ó di nínú mi ni ó ń bà mí lẹ́rù. Ní ilẹ̀ wa, ta ni kò mọ arúgbó tí obì ti pa ẹnu rẹ̀ pọ́n? Bí a bá ka ìtàn yìí sókè ní gbọ̀ngàn, orí tí yóò yí sí ibì kan náà kò ní kéré. Àwọn baba wa ní òwe kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Mo ti ronú lórí òwe yìí ju gbogbo òwe yòókù lọ, mo sì rí i pé gbogbo ẹjọ́ wà nínú rẹ̀, ẹ̀sùn àti ìdájọ́, ẹlẹ́rìí nìkan ni kò sí. Ìtàn ọmọ náà ni òwe yìí tí a na gùn. Ẹ kọjá ààlà ìwọ̀-oòrùn lọ sí Gambaga, ní àríwá Ghana, ẹ ó rí ibùdó àwọn obìnrin tí a fi ẹ̀sùn àjẹ́ lé kúrò nílé, tí ọjọ́ ogbó bá lẹ́yìn odi. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, ìtàn kúkúrú ni, kò tó ọ̀rọ̀ 100. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Kí amùjẹ̀ tó di ọlọ́lá inú ìwé, àwọn ará abúlé ní ilẹ̀ Serbia ti hú òkú àwọn ènìyàn wọn láti inú sàréè ní 1725 àti ní 1732, wọ́n kan èèkàn mọ́ àwọn kan nínú wọn láyà, wọ́n sì sun wọ́n, nítorí pé àìsàn ń pa àwọn alààyè. Ní 1755, Maria Theresa tí ń ṣàkóso ilẹ̀ Austria fi ìwádìí ọ̀ràn náà lé oníṣègùn rẹ̀, van Swieten, lọ́wọ́, àbọ̀ tí ó sì mú wá ni pé òkú kò mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ayaba náà sì fi òfin de híhú òkú. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, nítorí pé oníṣègùn náà wádìí ohun tí àwọn ará ìlú ti dá lẹ́jọ́ láì wádìí.

Nítorí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà ni, a pe ọmọkùnrin náà wá, a sì bi í níbi tí ó ti rí ìtàn rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní àbúrò òun ni. Ní ọdún méjì ṣáájú, ọjọ́ kejì Iléyá, ara ọmọ náà gbóná, ó sì funfun, kò sì rí òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Ohun tí àwọn ará ilé sì sọ létí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni èyí tí ó kọ sílẹ̀ fún wa. Gbogbo wa dákẹ́. Ìbànújẹ́ ni a gbé sórí tábìlì, a sì fẹ́ fún un ní máàkì. Mo sọ fún un, ohùn mi kò sì le, pé ìtàn àbúrò rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀, pé a kò rí ọmọ náà nínú ohun tí ó kọ, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni a rí. A kò kà á sókè, a kò sì fún un ní ẹ̀bùn lọ́dún náà. Lọ́dún kejì ó padà wá pẹ̀lú òmíràn: arúgbó kan jókòó nínú òkùnkùn lálẹ́ ọdún, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ ní ojúlé kejì, níbi tí wọ́n ti ń sunkún ọmọ tí ó ti ń fi ẹran tirẹ̀ bọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tán nínú ìtàn náà, arúgbó yẹn ni. N kò lè gbàgbé rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan láti Tchamba ti fi ẹ̀rín yanjú ohun tí a fi omijé yanjú yìí. Ó kọ nípa àlejò kan tí ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn, tí ń kọrin sí etí ẹni kí ó tó mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo ilé sì ń pàtẹ́wọ́ fún. Ní ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn ni a tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni, àtẹ́wọ́ náà sì ni ikú rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rò ó jìnnà. Ọdún 1897 tí Stoker tẹ ìwé rẹ̀ jáde gan-an ni Ronald Ross, ní Secunderabad ní ilẹ̀ Índíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Ọdún kan náà ni ayé rí amùjẹ̀ inú ìwé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ, tí ó sì mọ amùjẹ̀ tòótọ́ tí ń sọ ọmọ wa di funfun, tí ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn títí tí ojú àti àtẹ́lẹwọ́ wọn yóò fi ṣàì pọ́n mọ́. Ó dùn mí pé ti àkọ́kọ́ ni a gbọ́ ju ti èkejì lọ.

Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ ọdún fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn kan ń rò pé ọdún àti ẹ̀jẹ̀ kò bá ara wọn rìn. Ta ni ó ṣe Iléyá rí láìrí ẹ̀jẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà wa ń kọ́ wa pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ àgbò kì í dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, pé ìbẹ̀rù Rẹ̀ tí ó wà lọ́kàn ni ó ń dé ibẹ̀. Ní Sokodé, àwọn Tem ní ọdún Adossa, ọdún ọ̀bẹ, nínú èyí tí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti mu oògùn ń jó, tí wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ gé ara wọn tí ara kò gba ọ̀bẹ. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ rí yóò mọ̀ pé ayọ̀ ọjọ́ náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Sokodé rí èyí kí àwa adájọ́ tó rí i: ó mú amùjẹ̀ kan tí ebi ń pa wá síbi ijó náà, nítorí ó gbọ́ pé ọ̀bẹ pọ̀ níbẹ̀, ó dúró láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ó ń wo ọ̀bẹ tí ń bọ́ lára àwọn ọkùnrin, nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. N kò rí ìtàn tí ó mọ ohun tí ọdún wà fún jù ú lọ.

Ìtàn tí ó kọ́ mi jù lọ kò ní ẹ̀jẹ̀ kan nínú. Akọ̀wé rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kambolé, Yorùbá tiwa ni ó fi kọ ọ́, kò fi àmì ohùn kan sí i, bí ó sì ti kà á sókè pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ ni ó ṣe yé wa. Lọ́jọ́ ọdún, àlejò kan gun alùpùpù tuntun wọ ilé, ó gbé àpò ìrẹsì àti ẹran wá. Kò bá wọn jẹun. Ó ń wo apá àwọn ọmọkùnrin ilé, ó sì fọwọ́ kan èjìká ẹ̀gbọ́n. Bàbá jẹ, ó súre fún àlejò, ó tún jẹ. Ní òwúrọ̀, ẹní ẹ̀gbọ́n ṣófo. Ọdún yí po, ẹ̀gbọ́n sì dé lórí alùpùpù tuntun, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó gbé ìrẹsì wá, kò jẹun, ó sì ń wo apá mi.

Gbọ̀ngàn náà kò pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó ń gbé ẹkùn wa tí kò mọ̀ nípa àwọn ọmọ tí a ń kó kọjá ààlà lọ ṣiṣẹ́ lóko àwọn ẹlòmíràn ní Benin àti ní Nàìjíríà, nípa alágbàtà tí ń wá nígbà tí gbogbo ilé bá péjọ, àti nípa alùpùpù tí a fi ń san owó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó. Gbogbo òfin àwọn amùjẹ̀ ti Yúróòpù wà nínú ìtàn náà láìdárúkọ ọ̀kan: a pè é wọlé kí ó tó wọlé, kì í jẹ oúnjẹ ènìyàn, ẹni tí ó bá sì bù jẹ ń di ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣé ọmọ náà ti wo fíìmù wọn? Ó ṣeé ṣe. Bí ó bá yá a, ó ti san gbèsè náà pẹ̀lú èlé.

Ẹlẹgbẹ́ mi ọ̀mọ̀wé wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò gbà kí a nàka sí arúgbó, ṣé ẹ ó wá gbà kí a nàka sí alágbàtà? Àwọn méjèèjì ha kọ́ ni aládùúgbò wa?" Ìbéèrè náà tọ́, ó sì gbà mí ní àkókò kí n tó dáhùn. Mo ní arúgbó inú ìtàn àkọ́kọ́ kò ṣe ohun kan tí ojú rí; ẹnu pupa àti ẹ̀rín ni gbogbo ẹ̀rí tí a rí lára rẹ̀, kò sì sí bí ó ṣe lè jà fún ara rẹ̀, nítorí pé ẹni tí a sọ pé ó jáde lóru nígbà tí ó ń sùn kò lè rí ẹlẹ́rìí pe. Alágbàtà wá ní ọ̀sán gangan, ó gbé ìrẹsì, gbogbo ilé rí i, ọ̀nà tí ó gbà lọ wà nílẹ̀. Ohun kejì sì wà tí ó tilẹ̀ wúwo jù ú lọ: akọ̀wé náà kò dúró lórí alágbàtà. Bàbá jẹ, ó súre, ó tún jẹ. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n wí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Àwa tí a jókòó ní gbọ̀ngàn, ọ̀pọ̀ nínú wa ti jẹ irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ rí nílé ọ̀rẹ́ tàbí nílé ìbátan, a kò sì béèrè ibi tí ó ti wá. Ọmọ náà fi eyín sí ẹnu wa, a sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹlẹgbẹ́ mi kò tún sọ nǹkan kan, òun ni ó sì kọ́kọ́ fa ìwé máàkì sọ́dọ̀ láti kọ ipò kìíní.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ẹrù yìí pọ̀ jù fún ìtàn tí kò ju ọ̀rọ̀ 100 lọ. N kò gbà. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà sì ju eéje lọ. Sami Tchak, tí a bí ní Bowounda ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ yìí ní 1960, tí ó sì gba ẹ̀bùn ńlá fún ìwé kíkọ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ń sọ Faransé ní 2004, ìwé gígùn ni ó fi ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní tábìlì, tí ó ń kọ̀wé lórí itan nígbà tí ó ń ṣọ́ ọjà ìyá rẹ̀, ìtàn kúkúrú ni àyè rẹ̀ gbà, kò sì yẹ kí kúkúrú rẹ̀ mú kí a fojú kékeré wò ó.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ìtàn ti ń ti orí fóònù dé, ó ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń jọ ara wọn débi pé n kò lè mọ èyí tí ọmọ kọ àti èyí tí ó ṣà jọ. Nítorí náà ni a ṣe dúró lórí òfin kan tí àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ràn níbẹ̀rẹ̀, pé kí olúkúlùkù ka tirẹ̀ sókè lójú agbo. Ẹni tí ìtàn kò ti inú rẹ̀ jáde máa ń sáré kà á. Ẹni tí ó ti inú rẹ̀ jáde mọ ibi tí yóò ti mí.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni ó kù tí a kò tètè rí ojútùú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti Kambolé fi orin sínú ìtàn rẹ̀, orin kúkúrú tí a ń gbè lẹ́ẹ̀mẹta, bí ìyá àgbà ti máa ń ṣe. Nígbà tí a sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orin, ó ju 100 lọ dáadáa. Àwọn adájọ́ kan ní òfin ni òfin. A jókòó lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú, nígbà tí a ṣì ń jiyàn lọ́wọ́, a gbọ́ tí àwọn ọmọ ní ìta ń kọ orin náà, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. A pinnu lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì kọ ọ́ sínú ìlànà ìdíje láti ọdún tí ń bọ̀ lọ, pé ọ̀rọ̀ akọ̀wé nìkan ni a ó máa kà. Ègbè kò sí lára ọ̀rọ̀ 100.